Ogójì Ọjọ́ Nínú Ásíìdì

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ kàn sọ fún un pé ike ni ike, pé kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú wọn. Á kọ́kọ́ wò yín. Á gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ yáa wá ibi jókòó sí, torí ẹ ò ní tètè kúrò níbẹ̀. Aránṣọ lèmi, òwú àti abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀ ní tèmi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí mi lójú oorun báyìí, mo lè sọ fún yín pé kẹ́ẹ̀gì funfun tó nípọn máa ń gba ásíìdì bátìrì láìṣe nǹkan kan, àti pé ẹni tó bá rọ ásíìdì líle sínú ike omi mímu, wàhálà ló ń wá fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ẹ bá mi bi í. Ọdún méjìlélógún ló ti ń kọ́ mi níṣẹ́ tí mi ò gba fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó wà, irin ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Irin á wọlé pẹ̀lú ìpẹtà, àwọn obìnrin méje tó ń wọ bàtà rọ́bà gígùn á rì í sínú táńkì ásíìdì, tó bá jáde, á máa dán. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú àwọn ásíìdì náà. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá: òrùlé páànù, ilẹ̀kùn tí wọn kì í tì lọ́sàn-án torí èéfín, àti pẹpẹ gígùn kan tó kún fún ìgò gíláàsì. Ásíìdì ló wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ègé ike tó gùn tó ìka ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ike tuntun kankan ò gbọdọ̀ fara kan ásíìdì nílé iṣẹ́ náà àfi tí òun bá ti dán an wò, torí ásíìdì tó jókòó jẹ́jẹ́ nínú ike kan lè jẹ ike kejì bí ìgbà tí ikán bá jẹ igi. Á wọn ègé náà lórí òṣùwọ̀n kékeré, á jù ú sínú ìgò, á dé e. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, á fi ẹ̀mú yọ ọ́, á ṣan án, á jẹ́ kó gbẹ, á tún un wọ̀n. Tó bá wúwo sí i, ó ti mu ásíìdì. Tó bá fúyẹ́, ásíìdì ti jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.

Mo bi í rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ogójì. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ike ṣì máa ń purọ́ ní ogún ọjọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di Àǹtí Ogójì Ọjọ́ nìyẹn. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ààwẹ̀ ló ń gbà. Bí wọ́n bá gbé kẹ́ẹ̀gì tuntun dé, ogójì ọjọ́. Bí ọ̀gá àgbà bá fẹ́ pààrọ̀ páìpù, ogójì ọjọ́. Bí mo bá rán aṣọ fún un, tí mo bi í pé ṣé ó bá a mu, á ní kí n fún òun ní ogójì ọjọ́ ná, á wá bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, kò sì pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi ò lẹ́nìkan. Ọkọ tó fẹ́ ò lò ju ọdún mẹ́ta lọ, ó ní òórùn ásíìdì ò jẹ́ kí òun sùn. Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òórùn o! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n lanu. Ọmọ ò dé. Yàrá kan ló ń gbé ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, rédíò. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, rédíò ló kọ́kọ́ máa ń tàn, kó tó bọ́ bàtà, kódà kó jẹ́ ìròyìn èdè tí kò gbọ́ ni wọ́n ń kà. Ó ní kí ohùn kan ṣáà wà nínú ilé. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ kí i. Á ti kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ dè mí kí n bá a lẹ̀ ẹ́, torí ásíìdì ti sọ gbogbo rẹ̀ di ajere. Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé "rárá" ni iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ta ló fẹ́ pè é wá jẹun? Wọ́n á kí i, wọ́n á kọjá lọ. Àfi Wẹ́dà.

Wẹ́dà yìí kì í jó irin. Ike ló ń jó. Ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, òun ló máa ń fi yọ́ etí pátákó ike kan mọ́ èkejì títí á fi di táńkì. Ó sanra díẹ̀, ẹlẹ́rìn-ín ni, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko, tí aago oúnjẹ ọ̀sán bá ti lù, á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjèèjì á jọ jẹun, á máa ròyìn aládùúgbò rẹ̀ kan tó máa ń bá ajá jiyàn. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Ẹsẹ̀ mi dúró. Mi ò tíì rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí ìyá wa ti kú. Nígbà tá a délé, mo ní, "Àǹtí mi, ṣé kì í ṣe pé Wẹ́dà ti ń dẹnu kọ yín?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ọkùnrin tó níyàwó nílé! Ọ̀rẹ́ mi ni."

Ó rọra sọ "ọ̀rẹ́" yẹn bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. 

Àṣà kan wà tí Wẹ́dà ní. Kó tó fi ayùn kan pátákó ike tuntun, á kọ́kọ́ gé ègé mẹ́rin ní igun rẹ̀, á mú wọn wá bá ẹ̀gbọ́n mi, á ní, "Ogójì, gba àwọn ọmọ yìí, bá mi wẹ̀ wọ́n." Ìgbà tí ogójì ọjọ́ bá pé, tí àwọn ọmọ náà bá yege, ló tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá, kò fò ó rí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, táńkì náítíríìkì ti gbó. Náítíríìkì ni ásíìdì tó burú jù níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń fọ irin tí kì í dípẹtà. Bó bá ta sí yín lára, á sọ awọ yín di rúsúrúsú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Pátákó ike aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi máa ń ṣe táńkì rẹ̀. Wọ́n wá a títí, kò sí. Wẹ́dà wá wo pátákó funfun tó wà nílẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti ń fi funfun yẹn ṣe táńkì fún ásíìdì kejì, èyí tí wọ́n fi ń bó ìpẹtà, ọ̀kankan ò sì jò rí. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ṣebí ásíìdì náà ni ásíìdì. Ọ̀gá àgbà sì ti ń dà á láàmú pé dandan ni kí táńkì wà nílẹ̀. Bó ṣe gé pátákó funfun nìyẹn, ó jó o pọ̀, kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé, táńkì ti dúró, ó ga tó ènìyàn, ó rẹwà. Ọ̀gá àgbà wá wò ó, ó ní, "Ṣé Àǹtí ti dán ike yìí wò?"

Wẹ́dà ní, "Wọ́n ti dán an wò, sà."

Irọ́ ni! Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ègé mẹ́rin wá, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ogójì, bá mi wẹ àwọn ọmọ yìí o. Táńkì, ìyá wọn, ti jáde láìdúró dè wọ́n." Ó wá ròyìn ohun tó sọ fún ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

"Wẹ́dà, kí lo ṣe yìí?"

Ó ní kò sí wàhálà. Wọn kì í da ásíìdì sí táńkì kankan àfi tí ẹ̀gbọ́n mi bá buwọ́ lùwé rẹ̀, ásíìdì tuntun ò sì ní dé títí oṣù kan àtààbọ̀. Ogójì ọjọ́ á ti pé nígbà yẹn, á buwọ́ lù ú, ta ló máa mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì? Ẹ wò ó, kò kúkú parọ́ níbẹ̀ yẹn. Tí ike náà bá yege, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n tí kò bá yege, iṣẹ́ Wẹ́dà ti lọ nìyẹn, torí ọ̀gá àgbà yẹn kì í dárí irọ́ ji ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi mú ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọ̀n wọ́n, ó jù wọ́n sínú náítíríìkì, ó dé ìgò. 

Ẹ ò rí ogójì ọjọ́ yẹn! Wẹ́dà ṣì ń gbé àpótí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ojú àwọn méjèèjì ò kúrò lára pẹpẹ. Ọjọ́ kẹwàá, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀ níbi tó ti ń fọ abọ́. Ọjọ́ kejìlélógún, ike funfun ti ń di rúsúrúsú. Wẹ́dà ní àwọ̀ lásán ni, pé ṣebí tíì náà máa ń pa ife láró. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ara ike náà ti ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹfun. Láti ọjọ́ náà lọ, Wẹ́dà ò sọ̀rọ̀ aládùúgbò àti ajá mọ́. Wọ́n á jẹun, aago á lù, á gbé àpótí rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn pé, "Mò ń gbàdúrà fún ike."  Mo ní kó jẹun.

Àárọ̀ ọjọ́ ogójì, ó yọ wọ́n, ó ṣan wọ́n, ó nù wọ́n gbẹ, ó wọ̀n wọ́n. Ó mú àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Kò tíì tẹ̀ dé ìdajì tó fi ṣẹ́. Ó mú èkejì, òun náà ṣẹ́. Ó rọra tẹ ẹ̀kẹta bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́. Ó ní òun fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀, kò sí agbára mọ́.

Aago ọ̀sán lù, Wẹ́dà dé. Ó rí wọn lórí tábìlì. Ó jókòó, kò ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

"Ogójì, gbọ́ mi. Táńkì yẹn nípọn. Ègé yìí, gbogbo ara rẹ̀ lo rì sínú ásíìdì. Táńkì á lo ọdún kan kó tó ṣe nǹkan kan."

"Ó ṣeé ṣe."

"Kí ọdún tó pé, pátákó eléérú á ti dé. Màá ṣe òmíràn, màá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

"Tí kò bá wá lo ọdún kan ńkọ́?"

"Á lò ó!"

"Wẹ́dà, àwọn wo ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì yẹn láti àárọ̀?"

 Ó mọ àwọn obìnrin méje náà dáadáa, òun ló máa ń bá wọn lẹ bàtà rọ́bà wọn tó bá ya.

"Mo ti sọ fún ọ̀gá pé o ti dán an wò," ó ní. "Tó o bá kọ rárá, mo ti lọ nìyẹn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ta ló tún fẹ́ gbà mí síṣẹ́? Ọdún mẹ́rìnlá, Ogójì! Ṣé mo tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí?"

Kò tọrọ nǹkan kan rí lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi bò fún mi. Ó ní, "Mo fẹ́ buwọ́ lù ú. Bírò ti wà lọ́wọ́ mi." Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún Wẹ́dà ni pé, "Ike yìí ò gbà á."  Wẹ́dà gbé àpótí rẹ̀ àti oúnjẹ tí kò ṣí, ó lọ.

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í bẹ̀bẹ̀, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ, ó bẹ̀bẹ̀.

"Àǹtí, àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ pé kò dáa?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé kí n wá da ásíìdì sí i ni?"

"Rárá, sà."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀ mí fún?"

 Ó padà sí yàrá rẹ̀.

Wọ́n wọ́ táńkì funfun sẹ́yìn ilé, omi òjò ló ń gbà báyìí. Pátákó eléérú dé lẹ́yìn oṣù méjì, wẹ́dà mìíràn wá láti ìta, ó ṣe táńkì òmíràn, iṣẹ́ ń lọ. Nǹkan kan ò jò. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bó. Ohun tó sì ká mi lára jù nìyẹn, torí jàǹbá tí kò ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àwọn obìnrin méje yẹn, ẹ wá gbọ́ ẹnu wọn! Wọ́n fẹ́ràn Wẹ́dà, ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀? Olórí wọn sọ ọ́ sójú ẹ̀gbọ́n mi nídìí ẹ̀rọ omi pé ìkà ni, pé torí ike lásánlàsàn ló ṣe tú ilé onílé ká. Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì pé, tó o fi rìn wá bú u! Ká ní èmi ló sọ ọ́ sí, ì bá gbé èsì relé. Ẹ̀gbọ́n mi pọn omi rẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Kò jẹun ọ̀sán mọ́. Ó ní tí aago bá ti lù, òun á dìde, òun á máa nu ìgò tí kò dọ̀tí. Mo gba aṣọ rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, aṣọ tí mo fi tépù wọ̀n sára rẹ̀ fúnra mi. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ ohùn. Inú mi dùn, mo rò pé àlejò ló ní. Ẹni tó ń ka ìròyìn ní rédíò ló ní, "Ẹ káàsán o," ẹ̀gbọ́n mi sì ń dá a lóhùn pé, "Ẹ káàsán, ṣé dáadáa lẹ wà?"  Mo pa rédíò náà.

"Ẹ dìde, ẹ wọ bàtà. À ń lọ sílé Wẹ́dà."

"Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà lọ jókòó."

Ogún ìṣẹ́jú la fi ẹsẹ̀ rìn. A bá a níwájú ilé, ó ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ garawa tó là, àwọn garawa àti ọpọ́n ìwẹ̀ àwọn aládùúgbò tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun náà ti rù. Ó rí wa, ó pa ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga méjì jáde, ó gbé omi fún wa, ó wọlé, kò yọjú mọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o, Àǹtí," ni Wẹ́dà wí. Ó ń pọ́n ọn lé bí àlejò.

"Wẹ́dà, mo wá kí ọ ni."

 Wẹ́dà ń fi àtàǹpàkò ra etí garawa náà. Ó ní, "Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, òótọ́ ni. Ká ní èmi ni, ohun tí màá kọ náà nìyẹn. Mi ò bínú sí yín. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé mi ò fẹ́ gbọ́ kó bú yín nínú ilé yìí mọ́."

Ara tù mí. Mo ti ń wo ẹ̀gbọ́n mi pé, ẹ ò rí i bí? Mo ti ń ronú bí wọ́n á ṣe máa wá kí ara wọn lọ́jọ́ Àìkú, tí èmi náà á sì rí ẹ̀rín yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́," ni Wẹ́dà wí. Kò gbóhùn sókè. "Mo ní kẹ́ ẹ da ásíìdì lé àwọn obìnrin méje lẹ́sẹ̀ nítorí mi. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn, bó ti wù kí n sọ ọ́. Ojú yín ń tì mí. Mi ò lè jókòó ti ẹni tí ojú rẹ̀ ń tì mí, kí n máa ṣẹ̀fẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ti gbọ́." Ó mu omi náà tán, torí wọ́n ti fi gbà á lálejò. Ó dá ife padà. Ó ní kó bá òun kí ìyàwó rẹ̀.

A ò tíì dé ìkóríta tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo bú Wẹ́dà débi tí àwọn tó ń kọjá fi ń wò wá. Mo pè é ní aláìmoore, mo pè é ní onírọ́, mo ní òun ló ṣẹ̀, òun náà ló tún ń lé ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín ọ̀nà, ó di apá mi mú, ó dì í débi tó fi dùn mí.

"Tí wọ́n bá gbé ike yẹn fún mi lọ́la, màá tún kọ rárá," ó ní. "Àmọ́ má bú u létí mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mi ò ní ẹlòmíràn."